Ọjọ́ Mọ́kànlélógún: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àgbébọ̀ Tí Ń Sàba

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbàgbé ọgbà adìẹ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a sì máa ń rán ẹni tí ó bá pẹ́ dé ibi àdúrà òwúrọ̀ lọ gbálẹ̀. Ní àkókò àjọ̀dún yìí, àwa olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rò pé ó yẹ kí a tún ẹ̀kọ́ kan kọ́ láti inú ọgbà náà: bí àgbébọ̀ ṣe ń sàba lé ẹyin títí ó fi ń pa á.

Adìẹ àti ẹyin tí ó yẹ

Kì í ṣe gbogbo adìẹ ni í sàba. Àwọn adìẹ òyìnbó tí a ń sìn nítorí ẹyin títà, láti ìran dé ìran ni a ti ṣà wọ́n kí wọ́n má baà máa sàba, nítorí adìẹ tí ó bá ń sàba kì í yé mọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ wa ni ó mọ iṣẹ́ náà. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò jókòó sórí ìtẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò fẹ ìyẹ́ rẹ̀, yóò máa kùn, yóò sì fi àgógó sọ ọwọ́ ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Ìyẹ́ abẹ́ àyà rẹ̀ a máa rẹ̀ dànù, kí awọ ara rẹ̀ tí ó gbóná lè kan ẹyin.

Ẹyin adìẹ tí ó ń bá àkùkọ gbé nìkan ni ó lè di ọmọ. Àkùkọ kan tó fún nǹkan bí abo mẹ́wàá. Ẹ mú ẹyin tí kò sán. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, nítorí omi a máa ran kòkòrò àrùn lọ́wọ́ láti gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo wọlé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó tutù, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mẹ́wàá sí méjìlá tó fún adìẹ ìbílẹ̀ kan. Bí ó bá pọ̀ jù, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè bo àwọn tí ó wà létí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi wá pé, “Ọ̀gá, ẹyin àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ kan kí adìẹ tó yé ti ìkẹyìn. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń pa lẹ́ẹ̀kan náà?” Ìdáhùn wa ni pé ohun tí yóò di ọmọ nínú ẹyin ń sùn ni, títí ooru yóò fi jí i. Ọjọ́ tí ìyá bá jókòó ni ọjọ́ kìíní.

Iṣẹ́ ìyá àti iṣẹ́ wa

Ẹ fi àpótí tàbí agbọ̀n àtijọ́ ṣe ìtẹ́ sí ibi tí ó dákẹ́ tí òjò kò lè dé. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, kí ẹ sì bu eérú díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nítorí iná adìẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé adìẹ náà kúrò níbi tí ó wà, òru ni kí ẹ gbé e. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sára ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí adìẹ mìíràn bá wá yé kún un.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ìyá ni. Ooru tí ẹyin ń fẹ́ kò ju nǹkan bí 37.5°C lọ, ìyá sì ń ṣe é láìlo iná mànàmáná. A máa yí ẹyin padà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Bí ó bá dìde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ láti jẹun àti láti mu omi, ẹ má ṣe bẹ̀rù, yóò padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èyí tí ó ní ọmọ yóò fi iṣan pupa hàn, bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ yọ ọ́ kí ó tó di òbu. Lẹ́yìn ọjọ́ kejìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìtẹ́ náà mọ́. Nígbà tí pípa bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ọmọ ń ké nínú èèpo, tí ìyá sì ń dá a lóhùn.

Àṣìṣe wa

Ní ọdún kan, ẹyin mẹ́wàá ni ó ní ọmọ nínú. Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, mẹ́jọ ti jáde. Ìkẹsàn-án ti lu èèpo rẹ̀ láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jáde. Àwa olùkọ́ ń fẹ́ kí àwọn òbí rí i kí wọ́n tó lọ. A ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bá wa bó èèpo náà. Bí ó ti bó o díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yọ. Òròmọdìẹ náà kú kí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé èmi ni mo pa á?” A dá a lóhùn pé, “Rárá, ọmọ wa, àwa ni.” Ẹyin kẹwàá wà lábẹ́ ìyá, a kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ inú rẹ̀ ti jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti lu èèpo títí yóò fi jáde, ó lè gba odidi ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú awọ abẹ́ èèpo ló ń fà padà sí ara. Pupa ẹyin tí ó kù ló sì ń fà wọ inú ikùn. Pupa ẹyin yìí ni yóò bọ́ ọ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, kí ìyá lè dúró de àwọn tí ó kù. Ẹni tí ó bá bó èèpo kí iṣẹ́ yìí tó parí ti gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Lẹ́yìn pípa, ìrànlọ́wọ́ tiwa tó bẹ̀rẹ̀: omi nínú àwo tí kò jìn, oúnjẹ kúnná, àjẹsára, àti agọ̀ nítorí àṣá.

Ẹ̀yin òbí wa, a kò kọ ìtàn yìí nítorí adìẹ nìkan. Lọ́dọọdún, bí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń sún mọ́, àwọn kan máa ń wá bá wa níkọ̀kọ̀ pé kí a bá àwọn wá ibi tí wọn yóò ti kọ ìdáhùn fún ọmọ àwọn. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń tì wọ́n, bí ó ti tì wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí ó gbẹ̀yìn irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Olúwa wa fi ara rẹ̀ wé àgbébọ̀ tí ń ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ooru, oúnjẹ àti àdúrà yí àwọn ọmọ wa ká, kí a sì jẹ́ kí wọ́n fi àgógó ara wọn lu èèpo. Sùúrù ni baba ìwà.

Àgbébọ̀ kan ń sàba lọ́wọ́ nínú ọgbà náà báyìí. Bí ẹ bá wá sí àjọ̀dún, ẹ yà wá wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.