Ẹ̀kọ́ Ilé: Bí A Ṣe Ń Sin Ekòló fún Ajílẹ̀ Nínú Ooru Òkè Ọya

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé máa ń bi wá léèrè. Ilẹ̀ àgbàlá ti ṣá, tẹ̀tẹ̀ kò fẹ ewé mọ́, owó àpò ajílẹ̀ òyìnbó sì ti ju ohun tí ènìyàn lè ná sórí ebè mẹ́ta lọ. Kí ni ṣíṣe? Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ sin ekòló.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ tó bá rí ìmí ekòló lórí ilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ náà dára. Ní 1881, Charles Darwin, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ odindi ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ tí ekòló ń ṣe nínú ilẹ̀. Ekòló kò ní eyín. Ó ń gbé ìdọ̀tí tó ti ń jẹrà mì pọ̀ mọ́ iyanrìn wẹ́wẹ́, iyanrìn náà á máa bá a lọ̀ ọ́ nínú iwe rẹ̀ bíi ti adìẹ, ohun tó bá sì yà jáde ni oúnjẹ tí gbòǹgbò lè tètè fà mu.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti fi ọwọ́ ara mi pa ekòló bọ́kẹ́ẹ̀tì kan rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni mo lò, ní Kánò níbí, mo lu ihò sí i, mo kó bébà àti èèpo iṣu sí i, bí mo ṣe kà á nínú ìwé òyìnbó gẹ́lẹ́. Mo gbé e ti ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Oṣù kẹrin ni, ẹ sì mọ bí oòrùn oṣù kẹrin ti rí níhìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn ni ó pè mí síbẹ̀. Gbogbo wọn ti yọ́ bí ilá. Àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn, òtútù ni ìṣòro tiwọn. Tiwa ni ooru. Awọ ara ni ekòló fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù nígbà gbogbo. Bí ooru inú àpótí rẹ̀ bá ti ju ìwọ̀n 30 lọ, ìnira dé bá a. Bí ó bá kọjá 35, ikú ni.

Nítorí náà, ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike. Ẹ ra àmù ńlá kan, irú èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní randa, àti ìkòkò kékeré kan tí yóò wọ inú rẹ̀ kí àyè ìka mẹ́ta ṣẹ́kù yí i ká. Ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́ta sí ìdí méjèèjì, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ẹ gbé kékeré sínú ńlá, kí ẹ sì fi iyanrìn dí àyè tó wà láàárín. Ẹ máa bu omi díẹ̀ sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí omi náà ti ń gbẹ lára àmù ni ó ń kó ooru inú lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ni ó sọ ọgbọ́n ìkòkò inú ìkòkò yìí di ohun tí ayé mọ̀, láti fi tọ́jú tòmátò àti ẹ̀fọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà. Bí òjò oṣù kẹjọ bá dé, ẹ dáwọ́ omi dúró. Abẹ́ igi tàbí ìloro ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì fi àpò ẹ̀pà tó tutù bò ó lórí.

Ekòló wo? Ẹni tó bá lọ sílé fún Iléyá, kí ó wo ẹ̀yìn balùwẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi ń ṣàn sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ń dán, tó pọ́n dúdú, tí ìrù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Eudrilus eugeniae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orísun rẹ̀, ó sì fara da ooru ju Eisenia fetida tí àwọn òyìnbó ń sìn lọ. Lókè òkun, wọ́n ń ta ekòló tiwa yìí fún ara wọn ní orúkọ African Nightcrawler! Ẹ kó o pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó nílùú, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì í sábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná.

Ibùsùn rẹ̀ ni ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ ju oṣù kan lọ, tí a rẹ sómi, tí a pò mọ́ páálí yíya. Ìgbẹ́ tútù ń gbóná, ti adìẹ sì ń ta á lára. Bí ẹ bá fún ibùsùn náà lọ́wọ́, kí omi kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ máa ri èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ẹ̀fọ́ àti ewé tíì mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́, epo àti ẹran kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọbẹ̀ àjẹkù wá burú jù, torí gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀. Bí ó bá ń rùn, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Bí eèrà bá ń wọ̀ ọ́, ẹ gbé àmù náà ka bíríkì nínú àwo omi.

Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ìdọ̀tí yóò ti di ilẹ̀ dúdú tí kò rùn. Ẹ dà á sórí ọ̀rá nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wọ́ ọ jọ bí òkìtì, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ekòló kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò sá lọ. Ẹ ó máa họ ti òkè kúrò títí yóò fi ku kìkì ekòló. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ìdí ata tàbí tòmátò kan, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. N kò ní tàn yín: ìkòkò kan kò lè bọ́ oko àgbàdo, ebè méjì tàbí mẹ́ta lágbára rẹ̀ mọ.

Kí ẹ tó kó o lọ síbi ebè, ẹ fi èèpo bàrà olómi kan lé e lórí mọ́jú. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yóò gun orí rẹ̀, ẹ ó sì lè dá wọn padà sínú ìkòkò.