Orí Kẹsàn-án: Láti Inú Kọ̀ǹpútà Dé Ẹnu Abẹ́rẹ́

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Mónógíráàmù: iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀rọ fi òwú ṣe sára aṣọ.
Sítíìṣì: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ, tí ó sì fi òwú sílẹ̀ níbẹ̀.
Fáìlì: ohun tí a kọ tàbí tí a yà, tí kọ̀ǹpútà tọ́jú lábẹ́ orúkọ kan.
Fláàṣì: ohun kékeré bí ìka ọwọ́, tí a fi ń kó fáìlì láti inú ẹ̀rọ kan lọ sínú òmíràn.
Hóòpù: férémù oníke tí a fi ń na aṣọ kí ó má bàa sún.
Sítéè: aṣọ líle tàbí bébà tí a ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ kí iṣẹ́ má bàa fà á jọ.

Táwẹ́lì ọkọ ìyàwó

Ẹ jẹ́ ká wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń ránṣọ. Bùbá, ìró, agbádá, aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún Ojúde Ọba, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Láìpẹ́ yìí, ó ra ẹ̀rọ mónógíráàmù kékeré, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì nínú ilé. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè ṣe lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 100 ní ìbú àti 100 ní òòró.

Oníbàárà kan fẹ́ táwẹ́lì méjì fún ìgbéyàwó. Ọ̀kan yóò ní ÌYÀWÓ lára. Èkejì yóò ní ỌKỌ. Màmá lo lẹ́tà tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́. ÌYÀWÓ jáde dáadáa, torí àwọn èdè Yúróòpù kan náà ń fi àmì sórí lẹ́tà, àmì náà sì wà nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní Ọ. Kò ní Ẹ. Kò ní Ṣ. Nígbà tí iṣẹ́ kejì parí, ohun tí ó wà lára táwẹ́lì ni OKO.

Oko ni ibi tí a ti ń gbin kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ọkọ ni ẹni tí obìnrin fẹ́. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Oníbàárà kò gba táwẹ́lì náà, ó sì jàre.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá wá kí i. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè ni ọmọ náà ti ń kàwé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ká wá gbé e sínú ẹ̀rọ yín."

"Mo ti gbìyànjú ìyẹn náà, ọmọ mi. Ẹni tí ó tẹ káàdì ìgbéyàwó náà kọ ọ́ fún mi, ó pé pérépéré. Ó fi í sínú fláàṣì. Mo ti fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọmọ náà ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fáìlì kan ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni OKO.JPG.

"Màmá, ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn fún mi."

"J. P. G."

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, Màmá. Àwòrán ni wọ́n fún yín. Ẹ̀rọ yín kì í wo àwòrán."

Ohun tí ẹ̀rọ ń kà

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni kókó ẹ̀kọ́ wa. Àwòrán ń sọ ibi tí àwọ̀ wà. Kò sọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, apá ibi tí yóò kọjú sí, tàbí ìgbà tí yóò gé òwú.

Ẹ wo ẹ̀rọ náà bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kì í rìn kiri. Ojú kan ni ó wà, tí ó ń lọ sókè sódò. Hóòpù ló ń gbé aṣọ rìn lábẹ́ rẹ̀. Fáìlì mónógíráàmù ló ń pàṣẹ fún hóòpù: sún sọ́tùn-ún díẹ̀, gún, sún sísàlẹ̀ díẹ̀, gún, gé òwú, dúró kí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀, ó parí. Ìwọ̀n tí ó fi ń sún kéré gan-an. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìdá kan nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun aṣọ ọlọ́nà fún àwọn olóyè Òṣùgbó. Ẹ ó rí ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ lára aṣọ náà. Ahunṣọ kò fi gègé ya ọ̀nì sórí òfì. Ó ń ka òwú ni. Ó gbé iye kan sókè, ó fo iye kan, ó tún kà, títí ọ̀nì fi yọ lára aṣọ. Bí ìyá ahunṣọ ṣe ń kà nínú orí rẹ̀ ni fáìlì ṣe ń kà fún ẹ̀rọ.

Lẹ́ẹ̀sì tí àwọn òbí wa fi ṣe ayẹyẹ náà wá láti ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1863 ni Isaac Gröbli ṣe ẹ̀rọ ńlá tí ń kóṣẹ́ sára aṣọ ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Nígbà tí ó yá, bébà tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n fi ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Switzerland àti Austria. Ibi tí ihò wà ló ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gún. Lónìí, fáìlì inú fláàṣì ló gba iṣẹ́ bébà oníhò yẹn.

Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ àwòrán di sítíìṣì. Àwọn oníṣẹ́ ń pe iṣẹ́ yìí ní dígítáìsì. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wilcom àti Embird jẹ́ ètò tí a ń fi owó rà. Ink/Stitch kò gba owó. Inú ètò mìíràn tí ń jẹ́ Inkscape ló ti ń ṣiṣẹ́, Inkscape náà kò sì gba owó.

Lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdánudúró

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì ló ń fi èdè náà hàn wá.

PES: ẹ̀rọ Brother.
JEF: ẹ̀rọ Janome.
EXP: ẹ̀rọ Bernina.
VP3: ẹ̀rọ Husqvarna Viking àti Pfaff.
DST: ẹ̀rọ ńlá Tajima. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé náà ń gbọ́ ọ.

Ẹ rántí nǹkan kan nípa DST: kì í tọ́jú àwọ̀ òwú. Bí ó bá fi àwọ̀ ewé hàn yín níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ wúrà, iṣẹ́ kò bàjẹ́. Ẹ kọ àwọ̀ sórí bébà bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ sì fi òwú tí ẹ fẹ́ sí i.

Àwọn àgbà ní orúkọ ń roni. Lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ nìkan kì í ro fáìlì. Bí ẹnì kan bá pa JPG rẹ́, tí ó kọ PES síbẹ̀, àwòrán ṣì ni. Inú ètò dígítáìsì ni a ti gbọ́dọ̀ yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ṣe, ẹ sọ orúkọ ẹ̀rọ yín fún un. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó ṣí fáìlì náà nínú ètò dígítáìsì lójú yín, kí ẹ rí sítíìṣì inú rẹ̀, kí ẹ sì ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ

1. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ fi han oníbàárà. Ẹni tí ó ni orúkọ ló mọ bí a ṣe ń pè é.

2. Lórí kọ̀ǹpútà, bí lẹ́tà tí ẹ yàn kò bá ní àmì abẹ́, ẹ kọ O, kí ẹ fi àmì sábẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí àmì náà fẹ̀ tó mìlímítà 2, kí àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín òun àti lẹ́tà. Bí ó bá kéré jù, òwú yóò kó jọ di kókó. Bí ó bá sún mọ́ lẹ́tà jù, yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

3. Ẹ wo ìwọ̀n. Bí iṣẹ́ bá ju ìwọ̀n tí hóòpù gbà lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní ṣí i rárá.

4. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà méjì. Èyí àkọ́kọ́ wà ní èdè ètò kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Èkejì wà ní èdè ẹ̀rọ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí lójú kọ̀ǹpútà ni Save As. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: tọ́jú rẹ̀ ní irú báyìí.

5. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sọ fáìlì lórúkọ. Ẹ lo A sí Z àti nọ́ńbà nìkan, kí ó sì kúrú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ka àmì èdè wa nínú orúkọ fáìlì. OKO1.PES dára. Ara fáìlì lè jẹ́ OKO1, ṣùgbọ́n ara aṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ỌKỌ.

6. Ẹ ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Copy lórí fáìlì náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ṣe ẹ̀dà. Ẹ ṣí fláàṣì, kí ẹ tẹ Paste. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: fi ẹ̀dà síbí. Ẹ má ṣe fi í pa mọ́ sínú fódà, ìyẹn àpò fáìlì, tí ó wà nínú fódà mìíràn.

7. Ẹ má ṣe fa fláàṣì yọ lójijì. Ẹ tẹ Eject, kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Fáìlì tí a já gbà lè ṣófo tàbí kí ó dàrú.

8. Ẹ ti fláàṣì bọ ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ àwòrán fláàṣì lójú rẹ̀. Ẹ yan fáìlì yín. Ẹ̀rọ yóò fi ìwọ̀n àti iye àwọ̀ hàn yín. Púpọ̀ nínú wọn ń fi iye sítíìṣì hàn pẹ̀lú. Ẹ na aṣọ àti sítéè sínú hóòpù. Ẹ dán an wò lára àkísà kí ẹ tó fi kan aṣọ oníbàárà.

Ti táwẹ́lì tún yàtọ̀. Irun ara rẹ̀ a máa gbé àmì kékeré mì. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tín-ín-rín tí ń yọ́ nínú omi sórí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi omi sí i lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀rá yóò yọ́, àmì abẹ́ yóò sì dúró síta gbangba.

Bí nǹkan bá kọ̀

Bí ẹ̀rọ kò bá rí fáìlì, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin: ṣé lẹ́tà mẹ́ta náà bá ẹ̀rọ mi mu? Ṣé iṣẹ́ kò ju hóòpù lọ? Ṣé orúkọ rẹ̀ kò ní àmì? Ṣé ẹ̀rọ mi ń gba irú fláàṣì yìí? Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí fẹ́ fláàṣì tí a ṣètò ní ọ̀nà tí à ń pè ní FAT32. Kọ̀ǹpútà lè ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ Format. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí gbogbo ohun tí ó wà nínú fláàṣì ni yóò pa rẹ́.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má yọ aṣọ kúrò nínú hóòpù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fi bébà àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa kọ nọ́ńbà sítíìṣì tí iṣẹ́ dé sílẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí iná bá dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní bọ́tìnì tí a fi ń lọ síwájú tàbí sẹ́yìn títí a ó fi dé nọ́ńbà yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ tóbi ju bí ó ti wà lọ, ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ púpọ̀ lójú ẹ̀rọ, àlàfo lè yọ láàárín òwú. Bí ẹ bá sún un kì púpọ̀, òwú lè pọ̀ jù, kí abẹ́rẹ́ sì ṣẹ́.

Màmá padà sí ìdí ẹ̀rọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá kọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà ló tẹ gbogbo rẹ̀. Ní ìgbà kejì, Màmá ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ sì ń wò ó. Ó ka lẹ́tà mẹ́ta náà sókè: P, E, S. Ó ka ìwọ̀n rẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀rá sórí táwẹ́lì tuntun. Ẹ̀rọ gún O, ó gún K, ó gún O. Ó dúró díẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó fi àmì sábẹ́ O àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà sábẹ́ O kejì.

Màmá fi omi sí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. ỌKỌ ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí ẹ̀rọ Màmá kò fi rí OKO.JPG?
2. Kí ni aṣọ ọlọ́nà àti fáìlì mónógíráàmù fi jọra?
3. Lẹ́tà mẹ́ta wo ló bá ẹ̀rọ Janome mu?
4. Iṣẹ́ kan ní sítíìṣì 4,800. Ẹ̀rọ ń gún 400 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi ṣe é, láìka àkókò tí a fi ń pààrọ̀ òwú?
5. Ẹ kọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oko àti ọkọ ní gbólóhùn méjì.
6. Ẹ kọ orúkọ yín sórí bébà, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì abẹ́. Ẹ ka iye àmì tí ó wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú bébà náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbé láti inú kọ̀ǹpútà dé ẹnu abẹ́rẹ́ nìyẹn.