Bí Ẹ Bá Fẹ́ Bá Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣiṣẹ́: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Láyé WAI (War Against Indiscipline), nígbà ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, ìbẹ̀rù ṣọ́jà ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbá iwájú ilé wọn. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó, mọ́tò kì í sì í rìn títí aago mẹ́wàá àárọ̀ yóò fi lù. Ìjọba Èkó wọ́gi lé ìséde yẹn lóṣù Kọkànlá ọdún 2016. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó gbé ṣọ́bìrì jáde l'Ékòó, ọkàn rẹ̀ ló rán an níṣẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ìtara kò wọ́n wa. Iṣẹ́ tó ṣì wúlò lẹ́yìn ọdún kan ló wọ́n.

Ẹ lọ sí ìpàdé, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ gbọ́. Kò sí àdúgbò tí kò ní ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí tó ṣófo, tẹ́ ẹ ní ó dára fún pápá ìṣeré ọmọdé, ó lè jẹ́ pé ẹbí méjì ló ń du ú ní kóòtù. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn onílé lè máa bínú síra wọn lórí owó ọlọ́dẹ. Ẹ kí baálẹ̀, ẹ kí alága, ẹ kí ìyálọ́jà, kí ẹ tó la ẹnu sọ àbá. Ṣé ayálégbé ni yín? Ẹ wá bẹ́ẹ̀. Àgbàrá kì í béèrè ẹni tó ni ilé kó tó wọlé.

Ẹ má dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ bí èyí tó wà bá ṣì ń mí. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ olùdásílẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan fẹ́ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí ayé ń rí nínú aṣọ olówó ńlá lọ́jọ́ Ojúde Ọba máa ń dáwó sí iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú. Ẹ wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín, kí ẹ wọ inú rẹ̀.

Ẹ má ti ilé pinnu iṣẹ́ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ní Peckham àti Houston, lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ẹ fi owó bọ́hólù ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ afárá tó já lójú ọ̀nà oko ló ń dun àwọn ará ilé. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó dáwó.

Ẹ wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ kí ẹ tó wa gọ́tà. Tí mo bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ìmọ̀ràn yìí, èyí ni mo máa mú. Àwọn èèyàn á jí jáde ní kùtùkùtù, wọn á fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ àti nylon piọ wọ́tà, wọn á kó o jọ sétí gọ́tà, wọn á ya fọ́tò, ó di ilé. Òjò àkọ́kọ́ á da gbogbo rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti wà á. Ẹ san owó típà tàbí kí ẹ bẹ ìjọba ìbílẹ̀ fún ọkọ̀. Bí ọkọ̀ kò bá tíì dájú, ẹ sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú. Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń dà sí, sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá la òkè tí ìsàlẹ̀ ṣì dí, ilé aládùúgbò yín lẹ darí omi sí. Oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta ni kí ẹ ṣe é, kí òjò tó kanlẹ̀. Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un: Ògùnpa ya lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omíyalé mìíràn dé lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí ó pa èèyàn tó lé ní 100, tó sì wó afárá. Ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò.

Ẹ má wọ sílípáàsì wọnú gọ́tà. Bàtà òjò, ìbọ̀wọ́. Ìgò fífọ́, ìṣó àti abẹ́rẹ́ wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Bí nǹkan bá gún yín, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá.

Ẹ kọ owó sílẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ẹni tó ń gba àjọ lọ́jà máa ń fún ìyá aláta ní káàdì tí wọ́n ń fàlà sí, kí ló dé tí akápò àdúgbò á fi máa fi orí ka tiẹ̀? Owó ẹgbẹ́, àkáǹtì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti alága. Kí èèyàn méjì máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ mọ́ ara géètì, ẹ fi sórí WhatsApp, kí iye àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹnì kan fi tọrẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá jalè kí ẹgbẹ́ tó tú. Ìfura nìkan ti tó.

Ẹ má ra tiransifọ́mà láìsí ìwé. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí òpó, ó di ti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Ìlànà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé jáde lọ́dún 2015 gbà pé kí àdúgbò tó fẹ́ náwó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí ọ̀nà tí wọn yóò gbà dá owó padà sì wà nínú rẹ̀. Àdúgbò tó bá ti ra tirẹ̀ láìtọwọ́ bọ nǹkan kan yóò jìyà kó tó rí owó náà gbà.

Ẹ bi onímọ̀ léèrè. Kànga tàbí bọ́hólù gbọ́dọ̀ jìnnà sí sọ́káwè àti ṣàlángá, ó kéré tán mítà 30. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Kọnkéré tí ẹ bá sì dà, ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7, ó kéré tán; ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń wo bó ṣe lágbára tó. Onímọ́tò tó bá ń fun fèrè lọ́jọ́ kejì pé òun fẹ́ kọjá, kó gba ẹ̀yìn lọ.

Ẹ má fi àwọn obìnrin sídìí ìkòkò nìkan. Òótọ́ ni pé nínú ọ̀wẹ̀, olóko ló ń bọ́ àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ru omi lójoojúmọ́ ló mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ omi wà. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ kí ẹ tó pinnu.

Ẹ má gbà ju ohun tí agbára yín ká lọ. Wákàtí 2 tẹ́ ẹ bá wá lóòótọ́ sàn ju gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣèlérí lọ.

Ẹ gba sìmẹ́ǹtì olóṣèlú, ẹ má gba pátákó rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà. Bọ́hólù tó bá ti ní àwòrán ẹnì kan lára, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn bá wọlé, ta ni yóò tún un ṣe? Bí ẹ bá sì ń pín oúnjẹ, ẹ má ya fọ́tò arúgbó tó wá gba ìrẹsì láìtọrọ àyè.

Ẹ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ohun tí ẹ ṣe, lọ́jọ́ tí ẹ bá parí rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún un lówó díẹ̀ fún àtúnṣe, kí ó máa jábọ̀ ní ìpàdé.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹgbẹ́ àdúgbò yín ti ń ṣèpàdé, ẹ bi ọlọ́dẹ léèrè. Ó mọ ilé náà, ó mọ ọjọ́ náà, ó sì mọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní owó oṣù. Ẹ san tiyín kí ẹ tó lọ.