Apá Dickey

Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń kánjú, tí o rò pé ẹgbẹ́ rẹ ti lọ tán, tí o sì ń fi ìka ka iye ọdún tí o ti lò níbi tí o wà, sún mọ́ mi, kí n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún ọ. R. A. Dickey lorúkọ rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù ni, ọmọ ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee, l'Amẹ́ríkà.

Ní 1996, ẹgbẹ́ Texas Rangers mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì ṣèlérí $810,000 fún un. Kó tó tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó rí i pé bí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣe rọ̀ yẹn kò jọ apá àwọn yòókù. Wọ́n yẹ inú apá náà wò, àṣé iṣan tó yẹ kó so eegun ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn dókítà ní ṣíṣí ilẹ̀kùn lásán yẹ kó máa dùn ún, ká má tiẹ̀ wá sọ ti bọ́ọ̀lù jíjù. Bẹ́ẹ̀ ni $810,000 ṣe di $75,000. Ó gbà á, ó sì lọ sí líìgì kékeré.

Líìgì yẹn, ìpele-ìpele ni, láti Single-A dé Triple-A. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń rin ìlú dé ìlú, ẹni tó bá sì gòkè lónìí, wọ́n lè ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Dickey dé líìgì ńlá ní 2001, wọ́n dá a padà. Ó tún gòkè, ó tún sọ̀. Nígbà tó fi máa di 2005, agbára apá náà ti ń tán, àwọn olùkọ́ rẹ̀, Orel Hershiser wà nínú wọn, wá gbà á nímọ̀ràn pé kó gbájú mọ́ knuckleball.

Ọmọ mi, orí èékánná ni wọ́n fi ń tẹ awọ bọ́ọ̀lù yìí mú. Ọrùn-ọwọ́ á dúró gan-an, wọn á sì jù ú láìjẹ́ kó yí. Bí kò bá ti yí, afẹ́fẹ́ á máa gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹni tó di igi mú kò ní mọ ibi tó ń bọ̀, ẹni tí yóò hán an pàápàá á máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n bó bá yí ju bó ṣe yẹ lọ, jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ló ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ á gbá a. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: ọkùnrin tó ti ń fi agbára jù láti kékeré wá ń kọ́ ẹ̀sọ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2006, Detroit Tigers gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá odi lẹ́ẹ̀mẹfà nínú ìdíje kan ṣoṣo. Láti 1900, wọn kò gbá ajubọ́ọ̀lù kankan jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ó tún di Oklahoma, ní líìgì kékeré.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwọn oní-knuckleball tó ti rin ọ̀nà náà kọjá ni Dickey ń tọ̀ lọ. Charlie Hough ti tún bí ìka rẹ̀ ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú ṣe. Phil Niekro náà tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Tim Wakefield. Ní 2008, Boston ni Wakefield ń bá ṣeré, Seattle ni Dickey wà, alátakò ni wọ́n, síbẹ̀ ó gbà kí àbúrò yìí dúró ti òun níbi tí òun ti ń gbára dì, kó wo ọwọ́ òun, kó sì béèrè ohun tó bá fẹ́. Detroit kan náà yìí ti gbá bọ́ọ̀lù Wakefield kọjá odi lẹ́ẹ̀mẹfà ní 2004, ó mọ bó ṣe ń rí lára. Àgbà tí kò jẹ àjẹtán nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ta ni o ti lọ kúnlẹ̀ béèrè?

Ní 2010 ó wà ní Buffalo, líìgì kékeré náà ni. Nínú ìdíje kan ní òpin oṣù kẹrin, ẹni àkọ́kọ́ tó kojú rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó rí ẹsẹ̀ gbé dé ibùdó àkọ́kọ́. New York Mets pè é nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ní 2012, ó borí nínú ìdíje 20, wọ́n sì fún un ní Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù. Niekro borí lẹ́ẹ̀mejìdínlógún-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún láyé rẹ̀, kò gbà á rí. Hough kò gbà á. Wakefield kò gbà á. Dickey ni oní-knuckleball àkọ́kọ́ tó gbà á, ojú ayé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣe.