Owó Wúrà Ìrántí: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó San Kọ́bọ̀

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wúrà ìrántí jọ, kó fi òwe yìí sọ́kàn, torí àwọn gbájúẹ̀ pọ̀ nídìí òwò náà.

Ẹ jẹ́ ká mú owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Sovereign wò, ìyẹn ti ọdún 1989. Ní 1489 ni Ọba Henry Keje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n rọ Sovereign àkọ́kọ́. Nígbà tó pé 500 ọdún, Royal Mint, ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ilẹ̀ náà, ṣe ti 1989 yìí láti fi ṣèrántí: Ọbabìnrin Elizabeth Kejì jókòó sórí ìtẹ́ lójú kan, asà àti òdòdó róòsì wà lójú kejì. Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe irú rẹ̀, àwọn olùkójọ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju wúrà inú rẹ̀ lọ, ìdí náà sì ni ayédèrú fi ń yọjú.

Wúrà kárátì 22 ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.98 gíráàmù, fífẹ̀ rẹ̀ 22.05 mìlímítà. Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré dání lọ bá ẹni tó ń tà á. Ayédèrú tí wọ́n fi idẹ rọ lè dán o, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ̀ tó o, tó sì nípọn tó o, kò ní tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá fẹ́ wúwo tó o, àfi kó sanra. Olùtajà tó bá ní kí ẹ má wọ̀n ọ́n, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Àwọn ọ̀daràn mìíràn tilẹ̀ ń fi ojúlówó wúrà rọ ayédèrú Sovereign, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Àpótí àti ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó.

Wúrà gidi tó wà nínú Sovereign yìí jẹ́ 7.32 gíráàmù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta gíráàmù wúrà kan lọ́jọ́ náà ṣírò rẹ̀. Ohun tó bá lé ni ẹ ń san nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́! Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí; ìlà tín-ínrín kan tí aṣọ bá fà sí i kò ní parẹ́ mọ́, ẹni tó bá sì gbé awò sí i yóò já owó rẹ̀ walẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú.

Bó bá jẹ́ wúrà lásán ni ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ ra Sovereign tí kì í ṣe ti ìrántí. Wúrà kan náà ni, owó rẹ̀ sì dín. Owó ilé-ìwé ọmọ ńkọ́? Ẹ má fi ra ìkankan nínú méjèèjì.