Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọkọ̀ Tí Kì Í Sáré Lórí Odò Au Sable

Ẹ̀kọ́ tèmi lóṣù yìí dá lórí ẹja pípa. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ nílé, tí wọ́n á da àwọ̀n sómi, tí wọ́n á sì fà á jáde. A máa lọ sí ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, àwọn èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á jẹ́ kí odò kékeré gbé wọn lọ, wọ́n á sì máa fi ìwọ̀ wá ẹja tí wọ́n ń pè ní trout. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ẹ̀kọ́ yìí: omi ló ń gbé ọkọ̀ lọ, iṣẹ́ èèyàn ni láti dì í mú kó má bàa sáré.

Irú ẹja wo ni trout?

Trout ò sí nínú odò tiwa. Àrọ̀ àti èpìyà tí a mọ̀ fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ omi tútù ni trout ń fẹ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú Basic Science tí a ń kọ́. Omi tútù máa ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sára ju omi gbígbóná lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni trout nílò ọ́síjìn púpọ̀ kó tó lè mí dáadáa. Omi tó wà láàárín dígírì 10 sí 16 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Tó bá ti kọjá 20, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Tó bá dé nǹkan bí 25 tí kò sì tètè tutù, ẹja náà lè kú. Ẹ ti ọwọ́ bọ odò wa lọ́sàn-án gangan, ẹ ó mọ ìdí tí kò fi lè bá wa gbé.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń rí nínú odò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni brook trout, tó ní àmì pupa kéékèèké tí búlúù yí ká. Èkejì ni brown trout. Láti Jámánì ni wọ́n ti fi ọkọ̀ òkun kó ẹyin rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ní ọdún 1884 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú odò kan ní Michigan. Ẹ̀kẹta ni rainbow trout, tí wọ́n kó wá láti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, pé àlejò ló pọ̀ nínú wọn. A máa padà bá ọ̀rọ̀ yẹn.

Odò náà

Au Sable ni orúkọ odò náà. Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni odò oníyanrìn. Ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Grayling kọjá, ó dé Mio, ó sì wọ adágún ńlá Huron ní ìlú Oscoda. Ní apá òkè rẹ̀, odò náà ò fẹ̀ rárá. Ibi púpọ̀ wà tí omi rẹ̀ ò ju orúnkún tàbí itan lọ, tí ẹ sì máa rí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere.

Yanrìn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ribiribi. Láyé àtijọ́, yìnyín ńláńlá bo ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó yọ́, ó fi yanrìn púpọ̀ sílẹ̀. Òjò àti yìnyín tó bá rọ̀ báyìí kì í ṣàn lọ sódò kíákíá, ṣe ló máa ń wọlẹ̀, tí á sì rọra yọ jáde nísàlẹ̀ odò ní tútù. Ẹ rántí bí omi àmù ṣe máa ń tutù nínú yàrá nígbà tí òde ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni Au Sable ṣe ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kì í sì í tètè kún àkúnya tàbí gbẹ.

Ọkọ̀ náà

Ọkọ̀ Au Sable gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Pákó ni wọ́n fi ń kàn án, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè kọjá níbi tí omi ò jìn. Ara ọkọ̀ tí àwọn agégẹdú ń lò nígbà kan ni wọ́n ti mú àwòrán rẹ̀. Apẹja máa ń jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni atukọ̀ máa ń wà.

Atukọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lo àjẹ̀. Ọ̀pá gígùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi gún ilẹ̀ odò. Ẹni tó bá ti dé Makoko l'Ékòó á ti rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pá làwọn ará ibẹ̀ náà fi ń ti ọkọ̀ lórí ọ̀sà tí kò jìn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ní Makoko, ọ̀pá ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Lórí Au Sable, iṣẹ́ ọ̀pá jù ni láti dá ọkọ̀ dúró àti láti yí i kúrò lára igi. Wọ́n tún máa ń so ṣéènì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí á máa wọ́ nílẹ̀ odò, tí á sì máa dín eré rẹ̀ kù.

Kí ló dé tí wọn ò fi fẹ́ sáré?

Trout kì í lé oúnjẹ kiri bí ajá. Ó máa ń kọjú sí òkè odò níbi tí omi ti ń bọ̀, á fara pamọ́ sábẹ́ bèbè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ṣubú sómi, á sì dúró de ohun tí omi bá gbé wá. Tí ọkọ̀ bá ń sáré bí omi ṣe ń sáré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni apẹja máa lè ju ìwọ̀ síbi tí ẹja wà, ọkọ̀ á ti gbé e kọjá. Tí atukọ̀ bá dì í mú, ó lè jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ohun tó wà lẹ́nu ìwọ̀ yìí kì í ṣe ekòló. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n fi máa ń di ìwọ̀, tí á fi jọ kòkòrò tó bà lórí omi. Ibí yìí lẹ́kọ̀ọ́ ti le díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ra ju omi lọ, àmọ́ kòkòrò àtọwọ́dá yẹn gbọ́dọ̀ máa bá omi lọ ní déédéé. Tí okùn bá fà á, tó ń sáré lórí omi tàbí tó ń falẹ̀, ẹja á mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò gidi, kò ní í fẹnu kàn án. Nítorí náà, apẹja máa ń ju ìwọ̀ síwájú ọkọ̀, á sì tú okùn sílẹ̀ díẹ̀ kó má bàa le.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé ní ṣókí:

1. Kí wọ́n tó kúrò ní bèbè, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí, nítorí omi ò ní í gbé ọkọ̀ padà sókè.
2. Atukọ̀ á mú ọkọ̀ gba àárín odò, apẹja á máa ju ìwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bèbè níbi tí ìbòòji wà.
3. Kò sẹ́ni tí á máa fẹsẹ̀ gbá ọkọ̀ tàbí ju nǹkan sílẹ̀ gbàà. Omi máa ń gbé ariwo lọ, ẹja á sì ti sá kí wọ́n tó dé ibẹ̀.
4. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀, atukọ̀ á dá ọkọ̀ dúró kí apẹja tó fà á wálé.

Ní ìparí oṣù kẹfà, òru làwọn míì máa ń lọ. Kòkòrò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Hexagenia. Ó máa ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò fún bí ọdún méjì, lẹ́yìn náà á yọ ìyẹ́, á sì fò jáde lálẹ́. Nígbà tó bá ti ń fò, kò lẹ́nu tó fi ń jẹun mọ́, kò sì ní í pẹ́ kú. Àwọn trout ńlá tó ń sá pamọ́ lọ́sàn-án á jáde wá jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ẹ má ṣe wò ó pé odò kékeré ni, kẹ́ ẹ fojú di í. Igi tó wó sínú omi ló ń ṣe ìjàǹbá jù. Igi bẹ́ẹ̀ dà bí asẹ́: omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá, èèyàn á há. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó. Ọwọ́ atukọ̀ ni àṣẹ wà. Tó bá ní ká dáwọ́ ẹja dúró, ẹja á dúró, kódà kó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló jókòó síwájú. Bí omi bá sì ti gbé ọkọ̀ lu igi, ẹ má fara sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ igi yẹn gan-an lẹ máa tẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sẹ́yìn, etí ọkọ̀ tó wà lápá òkè odò á rì, omi á sì rọ́ wọlé.

Ẹja tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Kí àwọn trout tó dé, ẹja míì ló ni odò yẹn. Grayling lórúkọ ẹ̀. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ó ga bí ìgbòkun. Òun ni wọ́n fi sọ ìlú Grayling lórúkọ. Ìlú náà wà níbẹ̀ títí dòní, ẹja ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé agbègbè náà láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn èèyàn rọ́ wá. Wọ́n pa grayling ní àpajù, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Àwọn agégẹdú náà gé igi páìnì ńláńlá tó wà létí odò, wọ́n sì jẹ́ kí omi gbé gẹdú náà lọ síbi tí wọ́n ti ń la á. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, ìgbà náà gan-an sì ni grayling ń yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́. Gẹdú ń ha ilẹ̀ odò, yanrìn ń bo ẹyin. Nígbà tí igi tó ń ṣíji bo omi ti lọ, oòrùn mú omi gbóná. Àwọn trout tí wọ́n kó wá tún ń bá a du oúnjẹ àti àyè. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1935, grayling ti tán ní gbogbo Michigan.

Omi tó ń gbé apẹja lọ lónìí ló gbé gẹdú lọ nígbà yẹn. Àṣìṣe omi kọ́ ni. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí

Ní ọdún 1959, àwọn apẹja kan pàdé ní etí Au Sable, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Trout Unlimited sílẹ̀ láti máa tọ́jú odò tútù. Lónìí, apá kan wà nísàlẹ̀ ìlú Grayling, tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 8, tí òfin ò gba kéèyàn mú ẹja lọ sílé. Wọ́n á fi omi rẹ ọwọ́, wọ́n á yọ ìwọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹja ṣì wà nínú omi, wọ́n á dì í mú kó kọjú sí òkè odò títí á fi lágbára, wọ́n á sì jẹ́ kó lọ. Láti ọdún 2016, ìjọba Michigan àti àwọn Ottawa, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti mú grayling padà wá sí àwọn odò ìpínlẹ̀ náà.

Mo mọ̀ pé ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa á béèrè pé, “O lọ sódò, o pa ẹja, o dá a padà, kí la máa fi se ọbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Èmi ò sọ pé kí àwọn apẹja tiwa máa dá gbogbo ẹja padà, oúnjẹ ni ẹja jẹ́ fún wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ẹja tó há sínú àwọ̀n olójú kéékèèké ò tíì yé ẹyin rí. Ẹni tó jẹ ẹ́ lónìí ti jẹ ẹja ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ká mọ̀

Àjẹ̀: ohun tí a fi ń wa ọkọ̀ lójú omi.
Bèbè: etí odò.
Ìgbòkun: aṣọ tí wọ́n ń ta sórí ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè gbé e lọ.
Lẹbẹ: ohun tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́.
Àmù: ìkòkò ńlá tí wọ́n ń pọn omi sí.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

1. Kí ló fà á tí trout ò fi lè gbé nínú odò tiwa?
2. Kí nìdí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ lọ́ra ju omi lọ, tí kòkòrò àtọwọ́dá kò sì gbọdọ̀ lọ́ra?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó pa grayling run.
4. Odò wo ló wà nílùú yín? Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà ìsinmi: ẹja wo ló wà níbẹ̀ nígbà èwe wọn tí kò sí mọ́? Kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kó o sì mú un wá. A máa kọ gbogbo rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa, kí orúkọ wọn má bàa tẹ̀ lé wọn lọ.