Ìtọ̀ Tó Ń Dà Lára Obìnrin Láìròtẹ́lẹ̀: Ìtọ́jú Wà Láìsí Iṣẹ́ Abẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ipò ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin mu, tí ìtọ̀ máa ń dà lára wọn nígbà tí wọ́n bá wúkọ́, tí wọ́n bá sín, tí wọ́n bá rín ẹ̀rín àríntakìtì tàbí tí wọ́n bá gbé garawa omi, ṣùgbọ́n tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta. Òmíràn kì í lè jó mọ́ níbi ìnáwó. Òmíràn a máa jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òórùn. Obìnrin Mùsùlùmí mìíràn a máa tún àlùwàlá ṣe léraléra kí ó tó parí ìrun kan. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ orí ló fà á, àwọn mìíràn sì rò pé ohun tí abiyamọ gbọ́dọ̀ fara dà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, ìtọ́jú àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sì la ọ̀bẹ lọ.

Ohun tó ń fà á

Ní abẹ́ ìbàdí obìnrin, àwọn iṣan kan tẹ́ bí ẹní láti egungun iwájú títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ni wọ́n gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró, àwọn náà ni wọ́n ń ràn ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ lọ́wọ́ láti pa dé. Bí iṣan wọ̀nyí bá dẹ̀, ìtọ̀ yóò máa jò nígbà tí ikọ́ tàbí ẹrù wíwúwo bá ti inú mọ́ àpò ìtọ̀. Oyún àti ìbímọ láti ojú ara máa ń mú kí wọ́n dẹ̀. Sísanra jù, ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, àìlèyàgbẹ́ dáadáa, àti ìyípadà tó ń bá ara nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tún ń dá kún un.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀

Dókítà ní láti mọ irú èyí tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ̀ a kọ́kọ́ gbọ̀n obìnrin lójijì kí ó tó dà, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń ta á lójú ara, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí ó tètè ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ tó sì le ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn tọ̀sán-tòru láìdáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Eré ìmárale kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni a sábà máa ń fi ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn àkànṣe fún un ní Abakaliki, Katsina àti Ningi.

Eré ìmárale fún iṣan abẹ́ ìbàdí

Ní ọdún 1948, Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi eré ìmárale sọ iṣan wọ̀nyí di alágbára. Títí di òní, òun ni ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ ń lò.

Kí obìnrin fún iṣan náà pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó àti ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó má ṣe fún ìdí, itan tàbí ikùn pọ̀, kí ó má sì sé èémí. Kí ó dì í mú títí yóò fi ka ení dé àrún, kí ó sì tú u sílẹ̀ fún iye àkókò kan náà. Bí agbára bá ti ń dé, ó lè kà dé ẹẹ́wàá. Àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn pé kí a ṣe é ní ìgbà 8, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán, lábẹ́ àmójútó. Kò yẹ kí a fi ìgbà tí a ń tọ̀ lọ́wọ́ ṣe ìdánrawò yìí. Lẹ́yìn tí iṣan bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí obìnrin máa fún un pọ̀ kí ikọ́ tàbí sísín tó jáde, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé ẹrù.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì láìmọ̀, tí wọ́n ń tì sísàlẹ̀ dípò kí wọ́n fà á sókè. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ka yìí wà ní àwọn ilé ìwòsàn bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Fún ẹni tí kò lè fún iṣan náà pọ̀ rárá, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná díẹ̀ jí i.

Ìwọ̀n ara, oúnjẹ àti omi

Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2009 ní Amẹ́ríkà wo obìnrin 338 tí wọ́n sanra jù. Láàárín oṣù 6, àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ àti eré ìdárayá dín ìwọ̀n ara wọn kù ní nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rí i pé iye ìgbà tí ìtọ̀ ń dà lára wọn lọ́sẹ̀ fi ìdá 47 dín kù. Ti àwọn tí wọ́n kàn gba ẹ̀kọ́ nìkan fi ìdá 28 dín kù. Fún ẹni tó wọ̀n tó kílò 90, kílò 7 péré nìyẹn.

Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Àwọn kan ń sá fún omi mímu kí ìtọ̀ má bàa dà, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tó ki a máa bí àpò ìtọ̀ nínú, ìgbẹ́ a sì le.

Òrùka àtìlẹ́yìn àti oògùn

Òrùka sílíkónì wà tí a ń fi sí ojú ara láti gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró. Òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò wọn èyí tó bá obìnrin mu, ó sì ṣeé yọ, ó ṣeé fọ̀. Ó dára fún ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ nígbà eré ìdárayá, tàbí ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ.

Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí ojú ara rẹ̀ sì gbẹ, dókítà lè kọ ìpara estrogen fún lílò níbẹ̀. Èyí tí a ń gbé mì kò ṣe iṣẹ́ yìí, ó tilẹ̀ lè dá kún ìtọ̀ dídà. Oògùn duloxetine gba àṣẹ fún àìsàn yìí ní Yúróòpù ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò fún un ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èébì máa ń gbé ọ̀pọ̀ tó bá lò ó, nítorí náà kì í ṣe òun ni a ń kọ́kọ́ lò.

Álọ́ọ̀mù tàbí àgbo tí àwọn kan ń kì bọ ojú ara kì í wo àìsàn yìí sàn, ó sì lè dá egbò síbẹ̀.

Bí oṣù 3 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, dókítà àti obìnrin náà lè jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba dá lílo àwọ̀n oníke fún àìsàn yìí dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ti ké gbàjarè nípa ìrora àti ìpalára.

Kí obìnrin tó ní ìṣòro yìí sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí dókítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti fi pa mọ́ fún ọdún púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láàárín oṣù mẹ́ta.